Òrùka Tó Bọ́ Nínú Omi Orúnkún

Verna Trezise kì í dáhùn ẹ kú iṣẹ́. Bó bá ti gbé awárin rẹ̀ lọ́wọ́, ẹ̀rọ tó ní ọ̀pá gígùn, tó máa ń ké bí irin bá wà nínú iyanrìn, tó sì ti ki íápíìsì bọ etí, o lè kígbe títí ọ̀fun rẹ á fi gbẹ, kò ní wò ẹ́. Ọkọ̀ àwọn ọmọ iléèwé ló ń wà kó tó fẹ̀yìn tì. Ibẹ̀ ló ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń di adití nígbà tó bá wù ú. Láti ìgbà náà ló ti ń bá àwọn èèyàn wá yẹtí, ẹ̀gbà ọrùn àti òrùka tó bá bọ́ sọnù ní etíkun wa ní Port Hughes. Kì í gba owó. Bí o bá fẹ́ dúpẹ́, gbé páì ẹlẹ́ran tí o fi ọwọ́ ara rẹ ṣe wá. Bó bá jẹ́ pé o rà á ni, á mọ̀, á sì sọ ọ́ sí ẹ lójú.

Èmi Glenys ni mo ń ta ìdẹ ẹja ní ìdí afárá onígi tó wọ inú òkun. Fèrèsé ìsọ̀ mi kọjú sí iyanrìn. Ohun tí mi ò bá rí ní etíkun yìí, kò ṣẹlẹ̀ ni.

Nínú ooru oṣù kìíní ni Dale, ọmọ kan ṣoṣo tí Verna bí, lọ fi réèkì wa akàn nínú òkun, ó sì padà wálé láìsí òrùka ìgbéyàwó lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní inú omi ló bọ́ sí. Simone ìyàwó rẹ̀ kò gbà. Ó ti gbọ́ òfófó pé wọ́n rí ọkọ̀ Dale níwájú ilé obìnrin kan ní Wallaroo, òrùka tó pòórá sì wá dà bí ẹ̀rí. Ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Kadina. Ó ní bí òrùka bá wà nínú òkun lóòótọ́, kí òkun gbé e jáde kí òun rí i.

Ìlú kékeré ni tiwa, ẹnu ibẹ̀ kò sì kéré. Verna gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó gbé awárin rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì mi.

"Màá rí i," ló wí. "Ọmọ mi kì í parọ́ fún mi. Bó bá parọ́, etí rẹ̀ máa ń pọ́n."

"Ṣé etí rẹ̀ wá pọ́n lọ́tẹ̀ yìí?"

"Oòrùn ti bó gbogbo ojú ẹ̀. Ta ló máa mọ̀?"

Dale ní ọ̀gangan ilé aláwọ̀ ewé lòun wà, níbi tí omi ti dé òun ní orúnkún. Ọ̀rọ̀ yẹn yé gbogbo wa, nítorí orúnkún la fi ń wọn òkun níbí. Láràárọ̀ bí omi bá ti fà sẹ́yìn tán, Verna á rin iyanrìn tútù náà kọjá, á lọ jìnnà réré títí omi á fi mù ún dé orúnkún, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú ibẹ̀ wò bí ẹni ń kọ ebè. Gbogbo ohun tó bá ké ló ń wú, ó ń fi ṣọ́bìrì tó lu jára bí ajere sẹ́ ẹ. Àwọn tó ń kánjú máa ń fo ìdérí agolo bíà, torí wọ́n mọ ohùn rẹ̀. Ohùn kan náà sì ni òrùka wúrà ní. Ẹni tó bá fo agolo, á fo wúrà. Verna wú ìdérí agolo, ó wú òjé àwọn apẹja, ó wú ṣíbí. Akàn bù ú jẹ lọ́mọ ìka ẹsẹ̀, ó fi aṣọ dì í, ó padà sínú omi. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Dale ńkọ́? Inú ọkọ̀ rẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi, ó ń fa kọfí tútù inú páálí. Inú bí mi.

"Dale, o ò ní wọ omi lọ bá ìyá ẹ?"

"Mọ́mì ló mọ ẹ̀rọ, Glenys. Èmi á kàn dí wọn lọ́wọ́ ni."

"Lóòótọ́ ni. Kọfí yẹn náà ò lè dá fa ara ẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. Ọ̀lẹ ọmọ tó dára lọ́kàn ni, irú wọn ló ń tánni ní sùúrù jù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan Verna wá jókòó sórí àtẹ̀gùn mi, omi ń kán lára ṣòkòtò rẹ̀. Kò tú íápíìsì kúrò lọ́rùn. "Glenys," ló wí, "bó bá jẹ́ pé irọ́ ló pa ńkọ́?" Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Mi ò rí i kó bẹ̀rù rí, àní nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú.

Kí n tó dá a lóhùn, Clem apẹja wọlé, ó ní òun ò ra ìdẹ, torí ọjọ́ omi-kọ̀ ti tún dé. Nínú òkun tiwa yìí, ọjọ́ kan máa ń wà tí omi á kọ̀ jálẹ̀, kò ní lọ, kò ní bọ̀, á dúró sí agbedeméjì bí ìbaaka tó ya olórí kunkun. Ẹja kì í jẹun dáadáa lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

"Èyí tó kọjá burú jù," ni Clem wí. "Mi ò pa nǹkan kan. Dale nìkan ni mo rí nínú omi pẹ̀lú réèkì. Òmùgọ̀ wo ló ń wa akàn lọ́jọ́ omi-kọ̀?"

Verna dìde. "Òmùgọ̀ tèmi ni."

Ó yé èmi náà lẹ́ẹ̀kan náà pé ọjọ́ yẹn gan-an ni òrùka bọ́, ojú sì tì mí. Lọ́jọ́ tí òkun kò fà sẹ́yìn, omi tó dé orúnkún kò jìnnà rárá. Ẹ̀bá etíkun ló wà, níbi tí iyanrìn máa ń ṣí sílẹ̀ bí omi bá fà. Gbogbo wa mọ omi-kọ̀ bí a ṣe mọ ẹnu ọ̀nà ilé wa, a sì ń sọ̀rọ̀ orúnkún bí ẹni pé òkun kì í kúrò lójú kan. Àárọ̀ gbogbo ni Verna ń rìn kọjá lórí òrùka ọmọ rẹ̀ lọ wá a lókèèrè.

Ní ọjọ́ tí omi tún fà dáadáa, ó rí i. Ìdérí agolo ló kọ́kọ́ wú, ó tún wú òmíràn, lẹ́yìn náà ni òrùka dúró sínú ṣọ́bìrì, tòun ti orúkọ Simone tí wọ́n fín sí inú rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún, kò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Èmi ni mo fi ọkọ̀ gbé e lọ sí Kadina. Simone gba òrùka náà, ó yí i wò, ó ní, "Òun ni."

"Ṣé o rí i pé kò parọ́?" ni Verna wí.

"Mọ́mì, ó ti pẹ́ tí mo ti gbà pé inú omi ló bọ́ sí. Mo máa ń bi àwọn tó bá ti etíkun dé, mo ní ta ló ń wá a. Gbogbo wọn ní ẹ̀yin ni." Ó fi òrùka náà sí àtẹ́lẹwọ́ Verna, ó pa ọwọ́ rẹ̀ dé. "Ẹ̀yin kọ́ ni mo fẹ́ lọ́kọ. Dale ni mo fẹ́."

Nígbà tí a délé, Verna bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó rìn lọ sórí iyanrìn níbi tó ti rí òrùka, ó fi gìgísẹ̀ gbẹ́ ihò, ó ju òrùka sínú rẹ̀, ó sì bò ó.

"Verna, ṣé orí ẹ pé?"

"Orí mi ò tíì pé tó báyìí rí."

Ó lọ síbi ọkọ̀ Dale, ó gba kọfí lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé awárin lé e láyà. "Ẹsẹ̀ ń dùn mí. Lọ wá òrùka ẹ. Ronú ibi tí omi ti dé ẹ ní orúnkún lọ́jọ́ omi-kọ̀."

Dale wá a lọ́jọ́ náà, ó tún wá a lọ́jọ́ kejì, ẹ̀yìn rẹ̀ bó nínú oòrùn. Verna jókòó tì mí, ó ká ọwọ́ lẹ́rán.

"Ó tún ti fò ó kọjá," ló wí.

"Lọ sọ fún un."

"Ó tì."

Ní ọjọ́ kẹta ni ọkọ̀ Simone dúró níwájú ìsọ̀ mi. Ó dúró pẹ́, ó ń wo ọkọ rẹ̀ láti òkèèrè. Omi ti ń kún bọ̀, ó ti mu Dale dé orúnkún, kò sì jáde. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ṣọ́bìrì sẹ́ iyanrìn nínú ìgbì.

"Mọ́mì, ṣé ó mọ̀ pé ẹ ti rí i?"

"Kò mọ̀."

Simone bọ́ bàtà rẹ̀, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó sì wọ omi lọ bá a.