Ibi Mẹ́wàá Tí Ọ̀gá Mi Kò Dé

Iṣẹ́ wa nígbà náà ni ká gbé ẹ̀rọ kan tí kò tóbi ju agolo mílíìkì ńlá lọ sílẹ̀, kó máa ka bí ilẹ̀ ṣe ń gbọ̀n. Ilẹ̀ kì í dákẹ́. Ìgbì ọ̀sà àti mọ́tò ń mì ín jẹ́jẹ́, bí ara wa ò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀ líle a gbọ̀n díẹ̀, á dúró. Ilẹ̀ ẹrẹ̀ a máa mì lọ́ra, á sì pẹ́. Bí ìmìtìtì ilẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan, ilé orí ẹrẹ̀ ló máa jìyà jù. Ọ́fíìsì wa ní ká ya máàpù irú ilẹ̀ tó wà láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́.

Ọ̀gá mi, ọkùnrin tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà, mú Ìpakodò sí Ìbéṣe. Èmi mú Ẹ̀pẹ́, mo rìn títí bàtà mi fi já. Nígbà tí mo padà dé, ó ní kí n da àkọsílẹ̀ àwa méjèèjì pọ̀, kí n fọwọ́ sí i. Mo fọwọ́ sí i láìyẹ̀ ẹ́ wò.

Lẹ́yìn oṣù kan ni mo tó wò ó. Orúkọ àdúgbò mẹ́wàá ló kọ, ṣùgbọ́n bí jẹnẹrétọ̀ èbúté Ìpakodò ṣe ń mi ilẹ̀ ló wà nínú gbogbo wọn, kò lọ sókè, kò wálẹ̀. Ọkùnrin yìí jókòó sójú kan níbẹ̀, ó tan ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Mo bá a nídìí tábìlì rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ ò dé Ìbéṣe."

Kò gbójú sókè. "Oòrùn mú jù. Ta ló fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìwé síbẹ̀, sà."

"Ìwọ náà sáà fọwọ́ sí i."

Òótọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló bí mi nínú jù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé ẹ̀rọ náà láìtọrọ àyè, mo lọ sí Ìbéṣe.

Ìyá tó jẹ́ olórí ilé ìwé náà dúró tì mí lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti da yanrìn sí.

"Kí ló ń sọ?" ó bi mí.

"Ẹrẹ̀ ni, mà. Ó sì jìn. Yanrìn yìí kàn bò ó lójú ni."

"Ìwé tí wọ́n fún wa sọ pé ilẹ̀ dáa. Orúkọ obìnrin ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀."

"Èmi ni, mà."

Ó wò mí títí. "Lọ kọ òmíràn."

Mo kọ ọ́, mo fún un, mo mú ẹ̀dà kan lọ sí ọ́fíìsì. Wọ́n ní wọ́n ti tẹ máàpù. Èmi ni wọ́n ní kí n wá fi ìwé ṣàlàyé ìdí tí mo fi gbé ẹ̀rọ láìgbàṣẹ. Wọn ò bi ọ̀gá mi ní nǹkan kan. Mo fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn.

Ìyá náà pe àwọn òbí jọ, wọ́n sì kọ́ ilé ìwé náà sórí òkè, lẹ́yìn títì. Nígbà tí mo lọ wò ó, bàbá kan bá mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ẹ̀rọ mi ló sọ ọmọ òun di ẹni tó ń fẹsẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn láràárọ̀. Inú bí mi sí òun náà, bó ṣe bí mi sí ọ̀gá mi.