Ọpẹ́ Tí Màmá Mi Dá

Mo rántí òórùn sípíríìtì tó máa ń gba yàrá màmá mi kan láràárọ̀, ní Akanran, láàárín àwọn ọdún 1990. Àtọ̀gbẹ ń bá wọn jà, abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì ni wọ́n sì fi ń gbé ẹ̀mí wọn ró. A kò ní fíríìjì, ẹ̀gbẹ́ àmù omi tútù ni à ń tọ́jú ìgò oògùn náà sí. Wọ́n a máa bẹ nọ́ọ̀sì pé kó fún wọn ní èyí tí wọ́n lè mu. Nọ́ọ̀sì a ní bí wọ́n bá gbé e mì, ikùn yóò lọ̀ ọ́ bí ẹni lọ ẹ̀wà, kò ní dé inú ẹ̀jẹ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n á gba abẹ́rẹ́ tán, òógùn á bò wọ́n, ọwọ́ wọn á máa gbọ̀n, àfi ká yára po ṣúgà sómi fún wọn. Nọ́ọ̀sì dín oògùn náà kù, ó tún dín in kù, ó wá ku bíńtín. Ta ni inú rẹ̀ kò ní dùn? Wòlíì ìjọ wa ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ni màmá bá wọ aṣọ funfun, wọ́n jẹ́rìí, wọ́n sì jó dé iwájú pẹpẹ. Ẹsẹ̀ wọn wú lẹ́yìn náà, a ní ijó ló fà á. Èmi olùkọ́, tí mo máa ń ya kíndìnrín sí pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, èmi ni mo pàtẹ́wọ́ jù.

Ìgbà tí ojú wọn náà wú ni mo tó gbé wọn lọ sí ọsibítù n'Ibadan. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló máa ń fọ́ ínsúlíìnì sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n á sì gbá a kúrò nínú ara. Kíndìnrín màmá ti ń kú lọ, oògùn tí kò rí fọ́ wá ń pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, ìdí nìyẹn tí díẹ̀ fi ń tó wọn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun. Àmì ikú ni a torí rẹ̀ jó.

Mo rò pé inú á bí màmá sí Ọlọ́run bí mo bá sọ fún wọn, nítorí inú ń bí èmi. Mo sọ ọ́ fún wọn.

"Ọpẹ́ tí mo ti dá, mi ò ní lọ gbà á padà," ni wọ́n wí. "Lọ́jọ́ tí mo jó yẹn, ara mi yá."

Àwọn àgbà ní àrùn là ń wò, a kì í wo ikú. Màmá kò rí ọdún tó tẹ̀lé e.

Èmi náà ti ń gba abẹ́rẹ́ yìí báyìí. Bí dókítà bá ní kí n dín in kù, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè kíndìnrín mi, kí n tó dúpẹ́. Màmá mi ì bá ti kọ́kọ́ dúpẹ́.