Ọkọ̀ Agbọ́kọ̀ga Ga Jù

Agbọ́kọ̀ga ni gbogbo àwọn mẹkáníìkì ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, torí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbé imú pikọ́ọ̀pù sókè bíi tirẹ̀. Irin gbọọrọ méjì wà lábẹ́ ọkọ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí wọ́n lọ́ bí ẹni ń fún aṣọ. Àwọn ló gbé iwájú ọkọ̀ ró. Tó o bá fi sípánà yí bóòtù ìdí wọn, irin á tún lọ́ sí i, ọkọ̀ á ga. Àmọ́ bó ṣe ń ga ló ń le, tí á máa gbọn ẹni tó jókòó sínú rẹ̀. Kì í fi ìyẹn pa mọ́ fún oníbàárà: "Ẹ fẹ́ ga, àbí ẹ fẹ́ jókòó jẹ́ẹ́? Ẹ mú ọ̀kan o!" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní àwọn fẹ́ ga.

Ìgbà tí jẹjẹrẹ wọ egungun ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀, ẹ̀rín tán. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú, ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì lọ sílé ìwòsàn. Òjò ti bà á jẹ́ ráúráú, òkúta ń ha ikùn ọkọ̀, ọlọ́kọ̀ akérò kankan ò gbà á mọ́. Agbọ́kọ̀ga wọ abẹ́ pikọ́ọ̀pù tirẹ̀, ó yí bóòtù. Kòtò tún jìn, ó tún yí i, títí bóòtù ò fi lọ mọ́.

Ọkọ̀ ń kọjá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo obìnrin yẹn, ẹ gbà mí! Tìmùtìmù mẹ́ta ló jókòó lé, síbẹ̀ kò sí kòtò tí kì í gún un lẹ́yìn. Kì í pariwo, ìborùn ló ń kì bọnu. Ọkọ rẹ̀ ń rí i, omijé ń bọ́ lójú òun náà. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìtọ́jú kan, obìnrin náà fara ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, kò wọ inú rẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, ẹ rọ̀ ọ́ sílẹ̀."

"Tí mo bá rọ̀ ọ́ sílẹ̀, kò ní lè kọjá o."

"Mo mọ̀."

"Ìyá Ìbejì, dókítà ní..."

"Dókítà ò jókòó síbi tí mo ń jókòó sí. Ẹ rọ̀ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi gbé mi yí àdúgbò ká. Ó ti pẹ́ tí mo ti wọ ọkọ̀ yín tí n ò sunkún."

Ọkọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó bínú, ó ní òun á ra tìmùtìmù mìíràn. Obìnrin náà kọ̀. Omi ti pọ̀ ju ọkà lọ. Agbọ́kọ̀ga ki jáàkì bọ abẹ́ ọkọ̀, ó tú bóòtù ọ̀tún, ó tú tòsì. Iṣẹ́ tí kò tó nǹkan, ó pẹ́ nídìí ẹ̀.

Ó gbé e sínú ọkọ̀, wọ́n ń lọ díẹ̀díẹ̀.

"Ó mà rọ̀ o!" ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó sì rẹ́rìn-ín.

Wọ́n dé oríta tí wọ́n ti máa ń yà sí ilé ìwòsàn. Agbọ́kọ̀ga kọjá rẹ̀, kò wo ẹ̀gbẹ́.