Orúkọ fún Sàréè Ìyàwó Mi

Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan lóṣù kẹwàá ọdún 1996. Èmi àti ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo la wà ní kíṣìnì wa ní Glenn Dale, ní Maryland, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ gbé e ní ibùdókọ̀ ojú irin Greenbelt ni. Yunifásítì wọn gba ìsinmi.

Ìyàwó mi ti lo oṣù mẹ́ta nínú ilẹ̀, níbi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwa Mùsùlùmí ní itẹ́ òkú Clinton. Wọ́n fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ pé kí la fẹ́ kọ sára òkúta pẹlẹbẹ orí sàréè rẹ̀. Mo kọ "Ìyá", mo fi orúkọ ọmọ wa tì í. Bí mo ṣe ń pè é látìgbà tó ti bímọ nìyẹn.

Ọmọ náà kà á. "Dádì, orúkọ mi lẹ kọ. Èmi kọ́ ni mo kú."

Mo rẹ́rìn-ín. "Ṣé ọmọ ọ̀dọ̀ mi ni ìyá ẹ ni, tí n ó máa kígbe orúkọ mọ́ ọn?"

"Ajá ilé kejì ńkọ́? Ẹ máa ń pe orúkọ tiẹ̀ láràárọ̀."

"Ajá kì í ṣe ìyá ẹnikẹ́ni níbí."

Òun ò rẹ́rìn-ín. "Mi ò gbọ́ kí ẹ pe orúkọ Mọ́mì rí láyé mi. Ṣé ẹ tiẹ̀ nífẹ̀ẹ́ wọn?"

Mo ní lọ́kàn mi pé ìwé ti da orí ọmọ yìí rú. Lójú tèmi, ẹni tí ò ka aya rẹ̀ sí ló ń pe orúkọ rẹ̀ lásán bẹ́ẹ̀. Lójú tirẹ̀, ẹni tí ò pe orúkọ èèyàn kò rí onítọ̀hún. Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn jáde. Kálukú kàn gbà pé ẹnìkejì ò gbọ́n.

Ó wá rọ ohùn sílẹ̀. "Inú Mọ́mì máa ń dùn tí ẹ̀gbọ́n wọn bá pè láti Ìbàdàn. Wọ́n sọ fún mi ní ọsibítù pé ẹ̀gbọ́n àwọn nìkan ló kù tó ń pe orúkọ àwọn."

Mi ò mọ̀. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi rò pé oyè ni mo fi ń pè é. Mi ò bi í léèrè rí. Ọmọ náà wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Mi ò kàn án.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wakọ̀ lọ sí Clinton, mo gba fọ́ọ̀mù mìíràn. Mo rọra kọ orúkọ rẹ̀ ní lẹ́tà ńláńlá, nítorí mo ti dàgbà kí n tó mọ ìwé kọ. Obìnrin tó wà ní ọ́fíìsì wò ó, ó ní kí n jọ̀ọ́ bá òun pè é, kí òun lè mọ bó ṣe ń dún.  Kàkà kí n pè é, mo fi ìka tọ́ka sí i lórí ìwé náà.