Bí Salome Ọlápàdé Ṣe Lọ Ata Dé Àjà Nítorí Ihò Dúdú

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Salome Ọlápàdé fi kọ́ àwọn ọmọ ní fíṣíìsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Yaba. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń bi í: "Àǹtí, ṣé èyí máa wà nínú ìdánwò?" Bó sọ̀rọ̀ nípa ìràwọ̀, ìyẹn ni wọ́n á bi í. Bó sọ̀rọ̀ nípa iná mànàmáná, òun náà ni. Ọdún kẹta rèé tó ti fẹ̀yìn tì. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun, òun nìkan ló sì kù nínú yàrá mẹ́ta lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Surulérè. Nígbà tí kò rí ẹni kọ́ mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá rédíò jiyàn. Bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, Salome á tún un ṣe fún un láti inú ilé ìdáná, á sì dúró díẹ̀, bí ẹni pé ó ń retí kí ọkùnrin náà dúpẹ́.

Bámidélé àti Àrìnpé ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé nísàlẹ̀. Ọkọ ń ta ẹ́ńjìnnì mọ́tò ní ọjà Ládìpọ̀, ìyàwó ń ránṣọ. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, Salome ń fọ ata lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ tí wọ́n ń wọ́ ẹrù gbàràgbàrà nísàlẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó. Wọ́n ti fi okùn di tìmùtìmù, wọ́n ti kó ìkòkò sínú báfù, wọ́n tiẹ̀ ti tú kọ́tìnì.

Àṣé ẹnì kan ló fi ohùn ránṣẹ́ sí Bámidélé lórí Wásáàpù. Ẹni náà ní ihò dúdú kan ń bọ̀ láti ojú ọ̀run, pé ó máa gbé Nàìjíríà mì lọ́jọ́bọ̀, pé láti Múṣin ló sì ti máa bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè ìdí tó fi jẹ́ Múṣin. Bámidélé ní bí nǹkan báyìí bá máa bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ibo ni ì bá tún ti bẹ̀rẹ̀? Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ń lọ. Salome béèrè bóyá Ògbómọ̀ṣọ́ ò sí ní Nàìjíríà ni. Bámidélé ní ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí ihò náà tó débẹ̀, ó ti yó.

Salome bá fìdí lé àpótí ẹrù, ó ṣàlàyé. Ó ní ihò kọ́ ni ihò dúdú. Ìràwọ̀ ńlá kan ló kú, tó wó lu ara rẹ̀, tí gbogbo ẹrù rẹ̀ wá há sí ojú kan bíńtín. Ààlà kan wà yí i ká. Ohun tó bá ti kọjá ibẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ni o, kò lè padà jáde mọ́. Àmọ́ kì í ṣe pé ó ń rìn kiri wá oúnjẹ. Kódà bí wọ́n bá gbé èyí tó wúwo tó oòrùn sí ipò oòrùn, ńṣe ni ayé yóò máa yí i po bó ṣe ń yí oòrùn po; òkùnkùn àti òtútù nìkan ló máa pa wá.

Ó rí i pé gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ò ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Àrìnpé ti jókòó sórí tìmùtìmù. Ó yára fi kún un pé èyí tó sún mọ́ wa jù nínú àwọn tí wọ́n mọ̀, ìmọ́lẹ̀ á rìn ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ ọdún kó tó ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Bámidélé béèrè bóyá ọ̀nà ni kò dáa.

Àrìnpé ló wá sọ̀rọ̀. Ó ní ohùn orí fóònù yẹn sọ pé ihò náà máa ń pọ iná. "Mọ́mì, ẹ ní ìmọ́lẹ̀ gan-an ò lè jáde níbẹ̀. Kí ló wá ń pọ̀?"

Omi lé sí Salome lójú. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń retí irú ìbéèrè yìí. Bámidélé rí omi ojú náà, ó rò pé ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ, ó sì lọ di báàgì tó kù.

Salome kó wọn lọ sókè, sí ilé ìdáná rẹ̀. Iná wà. Ó da ata sínú bùlẹ́ńdà, ó bomi sí i, ó tẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ata sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ó ní gáàsì àti eruku tó bá sún mọ́ ihò dúdú kì í ṣàdédé já sínú rẹ̀. Yíyí ni wọ́n máa ń yí i po báyìí, wọ́n á máa fara gbo ara wọn, wọ́n á gbóná títí wọ́n á fi máa tàn yanran. Ìmọ́lẹ̀ wọn yẹn la fi ń mọ ibi tí ihò náà wà. Ó wá ní òun fẹ́ ṣí ìdérí díẹ̀, kí wọ́n rí bí díẹ̀ nínú gáàsì náà ṣe ń tú jáde. Ó ṣí i. Ṣùgbọ́n Bámidélé kì í gba ẹ́ńjìnnì kankan gbọ́ àfi tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ dán an wò. Ó na ọwọ́, ó tẹ bọ́tìnnì tó tóbi jù.

Ata fò lọ sókè gbọnrangandan, ó lu àjà, ó sì rọ̀ lé wọn lórí. Èyí tó pọ̀ jù bọ́ sí Bámidélé lójú. Ẹ̀rọ omi gbẹ, ni Àrìnpé bá ń fi eyín já píọ́ wọ́tà, ó ń tú u sí ọkọ rẹ̀ lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ọkùnrin náà tẹrí sí nínú báfù ló ti béèrè pé, "Mọ́mì, èyí tó wọ̀ mí lójú yìí, ṣé ó ti kọjá ààlà yẹn kó tó padà?"

"Rárá," ni Salome wí, bó ti ń nu gíláàsì rẹ̀. "Èyí tó bá kọjá ààlà ti lọ nìyẹn. Èyí tó ṣì ń yí po níta ló ń tú jáde, lókè àti nísàlẹ̀." Ó ní bùlẹ́ńdà ò fi bẹ́ẹ̀ jọ ọ́, nítorí abẹ ló ń ju ata, ṣùgbọ́n ní ti ọ̀run, agbára bíi ti mágínẹ́ẹ̀tì ni àwọn onímọ̀ rò pé ó ń jù ú, wọn ò sì tíì mọ gbogbo ìdí rẹ̀.

Bámidélé ronú sí i nínú báfù. Ó ní a jẹ́ pé èébì kọ́. Ẹni tó ń fi wàdùwàdù jẹun ni, tó ń ta ọbẹ̀ sí aṣọ ẹlòmíì. Salome ní òun ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ẹ̀ dáa tó bẹ́ẹ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Àrìnpé ṣì lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí ó ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ń bọ̀, ìyá náà sì ti pa adìyẹ. Bámidélé ló dá dúró, tó ń gun àga ha ata kúrò lára àjà. Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ dé, kò lọ sí Ládìpọ̀. Ó ní ọ̀fìnkìn ń ṣe òun. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ẹtì, ó lọ sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn lọ́jà bí ẹni tó ti dé ojú ọ̀run bọ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin mẹ́ta láti Ládìpọ̀ tí gíríìsì kún ọwọ́ wọn kan ilẹ̀kùn Salome. Wọ́n ti ń jà láti àná: bí èèyàn bá ju ẹ́ńjìnnì tírélà sí ihò dúdú, ṣé yóò wọlé ni àbí yóò tú síta? Salome fún wọn ní àga. Ó béèrè pé apá ibo ni wọ́n ti jù ú, báwo ló sì ṣe yá tó.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ara wọn. Ọ̀kan ní òkè ni. Èkejì ní irọ́ ni, ẹ̀gbẹ́ ni. Ẹ̀kẹta ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ẹni tó gbé ẹ́ńjìnnì náà dé ibẹ̀.