Ológbò Tí Wọ́n Ní Lùbàbà Wò Lọ́fẹ̀ẹ́

Bí o bá dé àdúgbò Titirou tí o bèèrè Lùbàbà, wọn ò ní tètè mọ ẹni tí ò ń wí. Dókítà Ẹran ni kí o pè é. Orúkọ náà kọ́kọ́ ń bí i nínú, àfi bíi pé òun gan-an ni ẹran, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ ọn lára báyìí. Ọmọ àdúgbò Ladjifarani ni, bàbá rẹ̀ ń ta bàtà lọ́jà Arzèkè. Ó kàwé kàwé, gbogbo ilé ń retí dókítà tí yóò máa wo ènìyàn, ló bá lọ ń wo ajá. Ìyá rẹ̀ kò tíì dárí jì í tán.

Ẹranko kì í yọ ọ́ lẹ́nu. Ajá lè gé ènìyàn jẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ajá kì í dúnàádúrà owó ìtọ́jú. Àwọn tó ni wọ́n ni wàhálà. Ẹnì kan á gbé ajá tó ti kú láti àná wá, á ní kí dókítà ṣáà bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹlòmíràn á ti ro oògùn ibà ìyá ọkọ rẹ̀ sí ewúrẹ́ lẹ́nu. Bí ewúrẹ́ bá wá ń ta gbọ̀n-ọ́ngbọ̀n-ọ́n, á ní ayé ló ṣe é. Ọ̀kan tiẹ̀ wà tó ní níwọ̀n bí ológbò òun ti kéré, kí owó abẹ́rẹ́ rẹ̀ náà kéré. Bí Lùbàbà bá sì dárúkọ iye owó, gbólóhùn kan náà ni gbogbo wọn ní lẹ́nu: "Dókítà, ṣé mo sọ fún ọ pé mo fẹ́ ra òmíràn ni?" Oníwà tútù ni, kì í lè jà. Bẹ́ẹ̀ ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́.

Ní ọjọ́ kan, Àlájì Kàsìmáwò wọlé dé. Aláṣọ ni l'Arzèkè, ahun tí gbogbo ọjà mọ̀. Mìkáílù àbúrò rẹ̀ àti àwọn alábàárù méjì tẹ̀lé e, wọ́n gbé páálí kan dání. Kòmísẹ́ ló wà nínú rẹ̀, ológbò ṣọ́ọ̀bù. Orúkọ tí wọ́n ń pe ọ̀gá ọlọ́pàá ni wọ́n sọ ọ́, nítorí kò sí eku tó lè fẹnu kan aṣọ Àlájì kó má mú un. Láti àná, Kòmísẹ́ ò rí ìtọ̀ tọ̀.

Lùbàbà fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, ológbò náà ké. Ó ní ìtọ̀ ti há a, bí òun ò bá tètè ṣí ọ̀nà fún un, yóò kú. Ó dárúkọ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n fráǹkì.

Àlájì wo àwọn tó tẹ̀lé e. "Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n, kí ológbò lè tọ̀? Èmi Kàsìmáwò ń tọ̀ lójoojúmọ́, ta ni mo ń sanwó fún?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ó ní kí wọ́n gbé páálí padà, kó lọ kú sílé.

Kò pẹ́ sígbà náà, nínú oòrùn ọ̀sán gangan, ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní zẹ́mì já ọkùnrin kan sílẹ̀ lẹ́yìn ilé ìtọ́jú. Ó fi táwẹ̀lì bojú, ó gbá páálí mọ́ àyà. Àlájì ni, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Ó ka owó náà sílẹ̀ pérépéré, kò dúnàádúrà rárá.

"Ọmọ mi, má jẹ̀ẹ́ kó dé etí ẹnikẹ́ni," ó wí. "Ìyàwó Mìkáílù ń ṣàìsàn, wọ́n ń tọrọ owó, mo ti sọ fún wọn pé ọjà ò tà. Bí wọ́n bá gbọ́ pé mo náwó lórí ológbò, gbogbo ẹbí á ya lù mí. Sọ pé nítorí Ọlọ́run lo ṣe é."

Kòmísẹ́ ń kérora. Lùbàbà gbà kíákíá, kò ro ẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Kòmísẹ́ tọ̀, ara rẹ̀ yá. Àlájì fúnra rẹ̀ ló wá ń ròyìn oore náà káàkiri ọjà. Ká tó wí, ká tó fọ̀, ilẹ̀kùn Lùbàbà ti kún. Ẹlẹ́wúrẹ́ dé, alájá dé, ẹnì kan gbé àkùkọ tó fọ́ lójú kan wá. Gbogbo wọn ní ohun tó ṣe fún Àlájì nítorí Ọlọ́run, kó ṣe é fún àwọn náà, àbí Ọlọ́run tiwọn yàtọ̀? Ràyhánátù tó ń ta gààrí, tí kò jẹ ẹ́ lówó rí, ní kó dá owó tí òun san lóṣù tó kọjá padà. Bó bá kọ̀, wọ́n á ní ológbò olówó nìkan ló mọ̀ ọ́n wò. Oògùn ń tán lórí pẹpẹ, kò sí owó tí yóò fi ra òmíràn. Bó bá ṣe oṣù kan sí i báyìí, yóò ti ilé ìtọ́jú náà pa, ẹ̀rù sì bà á gidigidi.

Ló bá lọ sí Arzèkè, kó lè bẹ Àlájì pé kó tú òun sílẹ̀ nínú àdéhùn náà.

Ó bá Mìkáílù lórí àpótí níwájú Àlájì ní ṣọ́ọ̀bù. Kòmísẹ́ sùn gbalaja sórí aṣọ bàsáǹ olówó ńlá, ó ń lá ara rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, abẹ́rẹ́ ìyàwó mi méjì ló kù tí a máa rà," Mìkáílù ń wí.

"Ọjà ò tà, Mìkáílù. Ṣé o ò rí i ni?" Àlájì gbójú sókè, ó rí Lùbàbà. "Wo dókítà tó ń ṣoore. Bí gbogbo ènìyàn bá ní irú ọkàn báyìí, ta ni yóò máa tọrọ owó?"

Inú bí Lùbàbà dé gógóńgó. Ẹ̀bẹ̀ tó gbé wá pòórá lẹ́nu rẹ̀.

"Àlájì," ó wí, "ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n lẹ san. Ẹ ò sì dúnàádúrà."

Àwọn aláṣọ ìtòsí yíjú sí wọn. Wọ́n lè gba ti owó náà gbọ́. Pé Kàsìmáwò ò dúnàádúrà ló ya wọ́n lẹ́nu.

Mìkáílù ò pariwo. Ó dìde, ó tún ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ológbò.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó wí fún Kòmísẹ́, "ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi bẹ Àlájì. Tiyín ni wọ́n ń gbọ́."

Àlájì wo àbúrò rẹ̀ nílẹ̀, ó wo ológbò. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ọwọ́ náà pẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó mú owó jáde, kò sì kà á kó tó gbé e fún un.

Kí Lùbàbà tó padà dé Titirou, ọ̀rọ̀ náà ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Ràyhánátù dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ewúrẹ́ rẹ̀ tó ń tiro, ó di owó mọ́ ìdí ìró.

"Dókítà, mo gbọ́ pé Àlájì ò dúnàádúrà," ó wí. "Èmi á dúnàádúrà o."

Inú Lùbàbà dùn débi pé ó jókòó, ó ní kó bẹ̀rẹ̀.