Orúnkún Màmá Alágbàfọ̀

Ọgbọ̀n ọdún ni Màmá Alágbàfọ̀ ti ń fọ aṣọ aláṣọ, ìsàlẹ̀ òkè ló sì ti ń pọn omi ẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ló fi iṣẹ́ ọṣẹ tọ́ yanjú. Ẹ má wulẹ̀ bi í pé báwo ni nǹkan. Kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ tán, "A dúpẹ́" ti jáde lẹ́nu ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan gbé ìwé ìbéèrè dé láti ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Àdúgbò tí ayé bá le fún jù ni wọ́n fẹ́ fún ní ẹ̀rọ omi, àmọ́ wọ́n ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni.

"Màmá, ká ní òdo ni ayé tó burú jù, tí mẹ́wàá jẹ́ èyí tó dára jù, mélòó ni tiyín?"

"Mẹ́wàá! Ẹni tá a ṣe lóore tí ò dúpẹ́, bí olè kóni lẹ́rù lọ ni. Ṣé kí n wá ya aláìmoore ni?"

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ṣe dáhùn. Ẹni tí òrùlé ẹ̀ ń jò ní mẹ́sàn-án, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí ẹyọ kan tó yọ.

Ẹ gbà mí o! Èsì dé, wọ́n ní ayé ti dẹ̀ wọ́n lọ́rùn, kí ẹ̀rọ omi máa lọ síbòmíràn. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ lóòótọ́! Inú bí Màmá, ó wọ́ ẹsẹ̀ dé ọ́fíìsì.

Ọ̀gá ibẹ̀ na ìwé sí i. "Màmá, ẹ̀yin lẹ ní mẹ́wàá. Ṣé irọ́ ni?"

"Kì í ṣe irọ́, ọmọ mi. Mo dúpẹ́, mi ò sì ní yéé dúpẹ́."

Ọmọbìnrin oníwèé yẹn dá sí i. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìbéèrè mi ni ò pé. Màmá, kí lẹ fẹ́ máa ṣe tẹ́ ẹ ò lè ṣe mọ́?"

Ojú ti Màmá.

"Ìkúnlẹ̀ ni. Omi pípọ̀n ti ba orúnkún mi jẹ́. Ọdún kẹta rèé, ìdúró ni mo fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Ọ̀gá gbé bírò sílẹ̀. Ó ní kí ọmọbìnrin náà padà sílé kọ̀ọ̀kan, kó bi wọ́n ní ìbéèrè yẹn náà. Kó má fagi lé ọpẹ́ ẹnikẹ́ni o. Kó kọ ohun tí apá wọn ò ká sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.

Lóṣù kẹrin sígbà náà, ẹ̀rọ omi dé iwájú ilé Màmá gan-an. Ẹsẹ̀ rí ìsinmi. Ó tó bí ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó di ilẹ̀kùn mú, ó rọra kúnlẹ̀. Ọmọ ẹ̀ ló fà á dìde, àmọ́ ó kúnlẹ̀.